Ọyẹ́ Inú Pálọ̀ Délé

Ọjọ́ kan wà nínú mi tí kì í tán. Bí eruku ọyẹ́ ló rí: èèyàn á gbá a láàárọ̀, á gbá a lọ́sàn-án, bó bá sì fi ìka kan orí tábìlì nírọ̀lẹ́, á tún bá a níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ọjọ́ náà, ìyàwó mi kò jẹ́. Ará àdúgbò kò jẹ́. Nígbà tó wá di pé káfíńtà tó bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ń fi ọ̀rọ̀ mi pa àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́rìn-ín ní Kpata, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja, mo ní ó kúkú sàn kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, orúkọ tí wọ́n sì ń pè mí lẹ́yìn ni "Bàbá Àmì Ohùn". Ọmọ tó bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì sí i, mo máa ń dá a dúró níwájú kíláàsì. N ó ní, "Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Bí adẹ́mu bá ránṣẹ́ pé kí o gbé igbà wá, tí o gbé igbá lọ fún un, ṣé orí igbá ni yóò jókòó sí dé òkè ọ̀pẹ?" Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á wo ilẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyẹn sápò ná. A ó padà débẹ̀.

Ohun kejì ni pé n kì í lè jókòó. Bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀ ni mo rí. Tí n bá ti ní nǹkan kan lọ́kàn, mo gbọ́dọ̀ dìde, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, mo gbọ́dọ̀ pe ẹnìkan. Ìyàwó mi ní ọ̀pọ̀ wàhálà tí a ti rí nínú ilé wa, tó bá jẹ́ pé mo jókòó fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi ife kan ni, kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ó dáa. Délé, ọmọ àbúrò bàbá mi, ń gbé ní Kánádà. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Felele ní Lọ́kọ́ja, lójú ọ̀nà Àbújá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mi kí n máa bá a bójú tó o. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n Délé ti gbé nínú yìnyín pẹ́, yìnyín sì ti wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Lọ́kọ́ja mọ̀ pé tí òrùn bá ti ń ràn sórí àpáta Òkè Pátì, tí odò méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ sì ń mí èémí gbígbóná sókè láti ìsàlẹ̀, àwa tó wà láàárín á kàn máa sè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀wà ni. Nínú ìlú yìí ni Délé ti ní kí wọ́n kọ́ ibi ìyáná sí pálọ̀ òun.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi ìyáná. Ihò ńlá ni, lára ògiri, ó fẹ̀ débi tí ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n má fara kan ara wọn. Páìpù gáàsì wọ inú rẹ̀ láti ìta, níbi tí sílíńdà wà. Òkè ihò náà lọ tààrà dé orí òrùlé, kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde. Gáàsì ni yóò máa jó níbẹ̀, kò ní sí igi, kò ní sí eérú, ẹni tí òtútù bá mú á kàn jókòó síwájú rẹ̀ bí ọba. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, obìnrin Ígálà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní òdìkejì ọ̀nà rìn wá, ó yọjú wo ihò náà, ó ní, "Tíṣà, ẹja yìí, ṣé inú pálọ̀ ni àbúrò yín ti fẹ́ máa yan án?"

Délé wá sílé lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, ó sùn níbẹ̀, ó padà lọ. Èmi kò sùn níbẹ̀ rí. Ọ̀sán ni mo máa ń lọ ṣí fèrèsé, kí n gbá ilẹ̀, ìgbà tí gbogbo ilé bá ti gbóná bí inú ààrò. Ẹ bá mi fi ìyẹn náà sápò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá Délé. Iyé là ń pè é, bí àwa ọmọ Òkun, Yorùbá ìhà Kábà, ṣe ń pe ìyá. Kábà ló ń gbé, òun nìkan nínú ilé ńlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọyẹ́ tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí mú un láyà. Ó dá dùbúlẹ̀, kò lè pe ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí aládùúgbò kan ṣàkíyèsí pé iná kò jó lẹ́yìnkùlé rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Dókítà sì sọ fún wa pé òtútù kò tún gbọdọ̀ wọ àyà yẹn, àti pé kò yẹ kó tún dá gbé nígbà ọyẹ́ mọ́ láé.

Délé bẹ̀ ẹ́ títí lórí fóònù kó wá máa lo ìgbà ọyẹ́ ní Lọ́kọ́ja, nítòsí èmi àti ìyàwó mi. Ó kọ̀. Mo wá lọ sí Kábà fúnra mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa wò mí, ó ní:

"Tíṣà, dìde, o ń ru eruku sí mi nímú. N ó wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi. Òtútù ni mò ń sá fún kúrò nílé ọkọ mi. Bó bá fi lè bá mi ní Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní ṣú bá mi níbẹ̀. N ó padà sílé, ẹnikẹ́ni kò sì ní bẹ̀ mí mọ́, ì báà jẹ́ Délé, ì báà jẹ́ ìwọ."

"Iyé," mo ní, "òtútù kò mọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Iyé ń bọ̀, Délé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì ní i nínú fóònù mi di òní. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Egbon, e kaaro o. E jowo, ki Iye to de, e ba mi wa nnkan se si ategun ibi iyana inu palo yen. Bi e ba le di i pa patapata, e di i. Ko gbodo se Iye lese. E se pupo."

Mo kà á, orí mi sì wú. Ẹ wo ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi ìyáná yẹn gan-an ni àtẹ̀gùn tó lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Táìlì tó ń dán bíi dígí ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kò sì tíì ní irin tí èèyàn lè fọwọ́ dì mú. Iyé rèé, eékún ń dùn ún. Yàrá tí a tọ́jú fún un wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í gbọ́ràn: tó bá ní òun fẹ́ lọ wo òkè, tó yọ̀ ńkọ́? Mo sọ fún ìyàwó mi pé Délé ní kí a dí àtẹ̀gùn. Ó ní kí n pe Délé kí n bi í dáadáa. Mo ní ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Kánádà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti dìde, ọwọ́ mi sì ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Kpata ni mo ti lọ gbé Músá káfíńtà, ọmọ Núpé tó ń sọ Yorùbá, Haúsá àti Píjìn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó dúró níwájú àtẹ̀gùn náà, ó fi ọwọ́ fa irùngbọ̀n.

"Málàm, ta ló ń gbé òkè?"

"Kò sẹ́ni."

"Ta ló máa gbé e?"

"Kò sẹ́ni. Ṣáà bá mi dí i."

"Haba. Wọ́n kọ́ òkè, wọ́n kọ́ ọ̀nà òkè, ẹ wá ní kí n dí ọ̀nà. You sure say na so the man talk am?"

Inú bí mi díẹ̀. Mo yọ fóònù, mo sì ka ọ̀rọ̀ Délé sí i létí, ohùn tíṣà ni mo fi kà á, ohùn ìsàlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ohùn òkè lókè, ó já geere: "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí àtẹ̀gùn ibi ìyáná inú pálọ̀ yẹn." Délé kò fi àmì kankan sí i. Èmi, Bàbá Àmì Ohùn, ni mo fi ẹnu ara mi fi í sí i.

"To," Músá ní. "Shi ke nan." Ó ti gbà nìyẹn.

Ó gé pákó, ó tò ó, ó sì fi ìṣó gígùn kàn án mọ́ ògiri méjèèjì láti ilẹ̀ dé ibi tí èèyàn kò lè fẹsẹ̀ dá kọjá. Iṣẹ́ gidi ni. Mo ń yí i ká, mo ń gbé ìṣó fún un, mo ń kan ibi tí kò ní kí n kàn. Nígbà tó parí, a dúró, à ń wò ó. Ìgbà náà ni ohùn ìyàwó mi jáde láti ẹ̀yìn pákó.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀, ibo ni mo máa gbà?"

Ó ti gun òkè lọ láti mú aṣọ ìbùsùn fún Iyé. Ó ní òun gbọ́ tí wọ́n ń kan nǹkan, òun rò pé ilé kejì ni.

"Ta ló dí ọ̀nà?" ó béèrè.

"Délé ni," mo ní.

"Délé tó wà ní Kánádà?"

Músá ní tí òun bá tú u, pákó á fọ́, ọ̀sán sì ti ń pọ́n, Iyé ti wà lọ́nà. Bí a ṣe lọ yá àkàsọ̀ nìyẹn, tí ìyàwó mi, ìyálé ilé, ìyá ọmọ, gba ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Obìnrin ẹlẹ́ja wá bá wa di àkàsọ̀ mú. Ó ní, "Màmá Bọ̀sẹ̀, tó bá jẹ́ pé ọkọ yín lẹ ń sá fún, ilé mi ṣí sílẹ̀ o." Ìyàwó mi kó búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ yàrá Iyé lọ. Ibẹ̀ ló wà títí Iyé fi dé.

Iyé dé lọ́sàn-án gangan, ìgbà tí ilé gbóná. A kí i, "Òkun o, Iyé." Ó dáhùn, ó wo pálọ̀ yíká, ó sì rí pákó.

"Kí lẹ kàn mọ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹni kan ẹran ìgbẹ́ mọ́ inú túbú?"

"Àtẹ̀gùn ni, Iyé. Nítorí eékún yín."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ lọ sókè?"

Ó mú àga tó dára jù, èyí tó kọjú sí ibi ìyáná. Ó bọ́ bàtà. Ó ní ilé ọmọ òun móoru, ó dára bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó.

Ọyẹ́ ọdún náà kò dára. Bí òrùn ṣe ń lọ sẹ́yìn òkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yí padà. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja síwájú Iyé. Bó ṣe fẹ́ gé òkèlè, mo rí i tí etí ìró rẹ̀ ń mì. Ó mì díẹ̀, ó dúró, ó tún mì. Iyé náà rí i.

"Ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn?"

"A ti í, Iyé."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"A ti í."

"Kí ló wá ń fẹ́ mi lẹ́sẹ̀, bí ẹni tó jókòó sáàárín oko?"

Mo na ọwọ́ sí ẹnu ihò ìyáná, mo sì fà á padà. Òtútù ń dà wálẹ̀ láti orí òrùlé bí ìgbà tí ẹnìkan jókòó sókè ibẹ̀, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wa lọ́rùn. Iyé wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni, wúyẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n èmi àti ìyàwó mi wo ara wa.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo lọ mú búláńkẹ́ẹ̀tì wá, mo fi bo ẹnu ihò náà, mo fi bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì náà wú. Ó wú bí ikùn aláboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, ó ti dí i." Kò tíì tán lẹ́nu mi tó fi bí. Búláńkẹ́ẹ̀tì fò jáde, eruku tẹ̀lé e, ìyẹ́ tẹ̀lé eruku, odidi ìtẹ́ ẹyẹ kan sì ré wálẹ̀ láti òkè, ó yí gbiri gbiri, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀. Iyé wo ìtẹ́ náà, ó wò mí.

"Ṣé ẹyẹ náà ń bọ̀ wá jẹun ni?"

Mo ní ó kù díẹ̀. Mo lọ gbé fóòmù láti orí ibùsùn yàrá kejì, mo ká a méjì, mo tì í mọ́ ẹnu ihò. Kò dúró, àfi tí èèyàn bá fi ẹ̀yìn tì í. Báyìí ni èmi tí n kì í jókòó ṣe wá jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti fóòmù bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú. Etí ìró Iyé dúró. Iyé bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ò rí i bí ìjókòó ṣe yẹ yín." Mo fara dà á. Ìdí ń yún mi, ẹsẹ̀ ń yún mi, gbogbo ara ń sọ fún mi pé kí n dìde lọ wo bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì. Mo ní kí n yára lọ wò ó. Mo kan ṣe báyìí, mo dìde, fóòmù ré lulẹ̀ gbì, ó gbá tábìlì, ọbẹ̀ ẹja sì fò lọ sára pákó tí Músá kàn.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ihò yìí, ìyáná ni wọ́n kọ́ ọ fún. Òtútù ń bọ̀, iná wà nílẹ̀, kí ló dé tí a ò tan iná? Mo lọ ṣí sílíńdà níta. Mo padà wọlé, mo yí ẹnu gáàsì, mo ṣá ìṣáná. Afẹ́fẹ́ pa á. Mo ṣá òmíràn, ó pa á. Mo ń ṣá, ó ń pa. Gáàsì sì ń jáde ní gbogbo àkókò yìí, n kò rò ó. Nígbà tí ọ̀kan wá mú, iná náà sọ pé "fùú", ó la ẹnu rẹ̀, ó sì mú irùngbọ̀n mi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, apá ọ̀tún nìkan. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wi orí ewúrẹ́. Ojú mi kò jóná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn òmùgọ̀.

Iná jó. Ó pupa, ó lẹ́wà. A fa àga Iyé sún mọ́ ọn. Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé mo ti borí. Ṣùgbọ́n iná náà ń mí, ohun tó ń mí sì gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ fà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fa ọyẹ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yìn àga Iyé kọjá.

"Tíṣà," Iyé ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ojú mi ń sè, ẹ̀yìn mi ń dì."

Ó sì wúkọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìyàwó mi pa iná, ó fi aṣọ bò ó, ó mú un lọ sí yàrá. Kó tó wọlé, Iyé yíjú padà, ó ní, "Ọmọ ọkọ mi, o ṣe é. Ní àárọ̀, bá mi wá mọ́tò Kábà." Kò bínú. Bó bá bínú, ì bá sàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó dì í dáadáa. Ó jókòó sórí àga kan náà, ó fi ìborùn wé ọrùn. Mo ń rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé. Mò ń ro ilé ńlá Kábà yẹn, àti ẹ̀yìnkùlé tí iná kò jó. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè wọ mọ́tò, kò ní padà wá mọ́, ẹni tí yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni aládùúgbò tó bá rántí wo òkè ọgbà. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jókòó, ẹ dákun, ẹ ń kó wa láyà sókè." Fóònù mi dún. Délé ni, ojú rẹ̀ hàn lórí fóònù, ó wọ fìlà onírun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Iyé sùn dáadáa? Ṣé ẹ bá mi dí atẹ́gùn yẹn?"

Etí mi gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti jìnnà. "A ti dí i," mo ní. "Músá dí i pa. Ìṣó gígùn ló fi kàn án."

Délé sún mọ́ fóònù. "Ìṣó? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìṣó kan atẹ́gùn?"

"Ìṣó ńlá," mo ní. "Ẹnikẹ́ni ò lè gbà á kọjá mọ́."

"Ẹni wo ló ń gba atẹ́gùn kọjá?"

Mo yí fóònù sí pákó kó lè rí i, òun àti ọbẹ̀ ẹja tó gbẹ sára rẹ̀. Délé wò ó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ábídí.

"Ẹ̀gbọ́n. Atẹ́gùn ni mo wí. A, tẹ́, gùn. Èyí tó ń fẹ́. Èyí tó ń ti inú ihò ìyáná wá. Irin tó yẹ kó máa dí i lókè kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí mo sùn níbẹ̀."

Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O kò fi àmì sí i," mo ní.

"Fóònù mi kò ní àmì, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní Yorùbá. Ẹ tiẹ̀ dá mi dúró níwájú kíláàsì nítorí igbá."

N kò mọ ìgbà tí Iyé bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni, ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ bá a. Kì í ṣe ikọ́. Ẹ̀rín ni, ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀, ó ń mi èjìká rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò lè sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí ihò ìyáná, ó na ọwọ́ sí pákó, ó na ọwọ́ sí irùngbọ̀n mi tó ku apá kan, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ń ti òrùlé bọ̀," ó ní nígbà tó rí èémí mí, "Tíṣà lọ kan àtẹ̀gùn pa kó má baà fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Iyé," mo ní.

"Tíṣà Yorùbá," ó ní, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dákẹ́, ó nu ojú. Ó wo àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní mọ́tò Kábà á ṣì wà lọ́sàn-án. Kí a kọ́kọ́ lọ pe káfíńtà yẹn wá, òun fẹ́ rí ojú ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì tún gbé òòlù.

Mo lọ gbé Músá. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un nínú mọ́tò, ó ní kí n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó di ọ̀pá iná mú, ó rẹ́rìn-ín tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó padà wọ mọ́tò. "Málàm," ó ní, "next time na the window you go say make I nail."

Iṣẹ́ kò pẹ́. Mo ti ẹnu gáàsì pa, Músá tú sílíńdà kúrò lára páìpù, ó gbé e lọ sí kíṣìn, ó ní láé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná nínú ihò tí a bá ti dí. Lẹ́yìn náà ló fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí pákó má baà fọ́. Pákó tó wà lójú àtẹ̀gùn ló kó wá sójú atẹ́gùn. Ó gé etí wọn díẹ̀, ó kàn wọ́n mọ́ ẹnu ihò ìyáná, ó sì gé fóòmù wẹ́wẹ́, ó ń kì í sí gbogbo ojú àlàfo. Ọbẹ̀ ẹja ṣì wà lára ọ̀kan nínú pákó náà. Kò sẹ́ni tó nù ún.

Iyé ní kí a dá àga òun padà síbi tó wà lánàá. Ó jókòó. Ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń hu lórí òrùlé, a ń gbọ́ ọ, ó ń kan pákó kọ́ọ́kọ́ọ́ bí àlejò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Gbogbo wa ń wo etí ìró náà: èmi, ìyàwó mi, Músá pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, Délé lórí fóònù, obìnrin ẹlẹ́ja tó ti wọlé láìsí ẹni tó pè é. Mo fẹ́ rìn, n kò rìn. Mo fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, mo fi ọwọ́ méjèèjì sápò. Etí ìró náà dúró. Ó dúró síbẹ̀. Kò mì.

Iyé fà á mọ́ra padà, ó wé e.

"Ẹ gbé àpò mi wọlé," ó ní. "Àti ọbẹ̀ ẹja àná, ṣé ó kù?"

Ó gbé ọ̀dọ̀ wa títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ikọ́ náà lọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló máa ń mú lọ síwájú pákó, á ní kí n jókòó síbẹ̀ bí mo ṣe ti fóòmù, kí àlejò lè rí i dáadáa. Mo máa ń jókòó. Lára pákó náà ni mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìkìlọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà tan gáàsì: "Ẹ má tan iná níbí. Atẹ́gùn ni a dí." Gbogbo àmì ló wà lórí rẹ̀. Mo tún un kọ nígbà méjì kó lè hàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wọlé láìní àmì, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ irú mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó, ẹ mu omi. Nínú kíláàsì, n kò dá ọmọ dúró nítorí igbá mọ́. Mo máa ń ní kó jókòó, èmi náà á jókòó, n ó sì sọ ìtàn yìí fún un.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́, mo ń múra láti lọ dọ̀bálẹ̀ ní Kábà nígbà tí fóònù mi dún. Iyé ni. Ó ti dé ibùdókọ̀, àpò rẹ̀ ti wà nínú mọ́tò.

"Tíṣà," ó ní, "mò ń bọ̀. Àbí o ti dí ojú ọ̀nà?"

Mo fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n mi, apá ọ̀tún tí kò tíì hù tó ti òsì, mo sì rẹ́rìn-ín.